Aago Méjì Tí Ohùn Wọn Kò Ṣọ̀kan

Èmi ni mo ń lu agogo ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Láti ìgbà tí mo ti wà ní SS1 ni wọ́n ti fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 40, bí olùkọ́ ti ń kọ́ wa lọ́wọ́, màá dìde, màá sáré lọ sí ìdí igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì, màá sì fi irin lu rímù ọkọ̀ tí wọ́n so kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo dé SS2, iṣẹ́ náà sú mi. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń lo Linux, ilé ẹ̀kọ́ sì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀ níbi ìpéjọ àárọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ètò kékeré kan tí yóò máa lu agogo fún mi. Wọ́n gbà.

Ètò náà kò ju ìlà 20 lọ. Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà kò le rárá: sùn fún ìṣẹ́jú 40, jí, lu agogo fún ìṣẹ́jú àáyá 12, tún sùn. Tó bá ti lu ti aago 2 ọ̀sán, oorun rẹ̀ á gùn títí di aago 8 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbà 10 ló ń lu agogo lójúmọ́. Ọjọ́ Ajé ni mo tan án. Iná ìjọba kì í dúró ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n iná oòrùn tó wà ní ọ́fíìsì kò jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù náà kú. Mo jókòó ní kíláàsì bí ọba, mo ń gbọ́ agogo tí èmi kò lù.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni a ṣe ìdánwò Ìṣirò ti ìparí sáà. Wákàtí 2 ni, láti aago 8 sí aago 10, wọ́n sì pín wa sí yàrá mẹ́ta. Ní yàrá kìíní, aago ọwọ́ ni olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ní yàrá kejì, níbi tí èmi wà, agogo mi ni a fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni a fi parí. Ṣùgbọ́n ní yàrá kẹta, olùkọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìwé ìbéèrè títí agogo yóò fi dún. Nígbà tí aago ọwọ́ wọn wá lu 10 géérégé, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ gbé bírò sílẹ̀. Agogo ìparí kò tíì dún nígbà náà. Ariwo ta. Àwọn ọmọ yàrá kẹta pàdánù ìṣẹ́jú 8. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń jókòó lórí àga kan náà wà níbẹ̀. Ó mọ ìbéèrè tó kẹ́yìn, tó ní máàkì 10, kò sì ráyè kọ ọ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Mo sọ fún olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ta ló kọ ètò rẹ̀?” Mo ní, “Èmi ni, Sà.” Wọn kò nà mí. Wọ́n ní kí n lọ ka ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dhahran ní ọdún 1991, kí n sì padà wá sọ fún àwọn ibi tí àṣìṣe wọn ti jọ tèmi. Ohun tí mo kà ni mo fẹ́ sọ níbí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni àwọn ọmọ ogun Ìráàkì wọ Kùwéètì, tí wọ́n sì gba ìlú náà. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 1991, Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó dúró tì í bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìráàkì jà. Ìráàkì náà ń ju mìsáìlì tí wọ́n ń pè ní Scud sí Ísírẹ́lì àti Sáúdí Arábíà. Ohun tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti fi dènà rẹ̀ ni Patriot: rédà kan, kọ̀ǹpútà kan, àti àwọn mìsáìlì tó máa fò lọ pàdé ti ọ̀tá lójú òfuurufú. Kì í ṣe nítorí Scud ni wọ́n ṣe ṣe Patriot. Ogun tí wọ́n rò pé wọ́n lè bá Sófíẹ́tì jà ní Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún, láti fi já ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n rò pé a ó máa gbé e káàkiri, pé kò ní pẹ́ lójú kan, wákàtí díẹ̀ péré, kí wọ́n tó pa á, kí wọ́n sì kó o lọ sí ibòmíràn. Ní Sáúdí Arábíà, wọn kò gbé e lọ síbì kankan. Wọ́n tan án, ó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru.

Kọ̀ǹpútà Patriot ń ka àkókò láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan án. Kì í ka ìṣẹ́jú àáyá gan-an. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló ń kà, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, lọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá, yóò fi 0.1 ṣe ìsọdipúpọ̀ iye tó kà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. A kọ́ òǹkà béèsì 2 ní SS1, mo sì rò nígbà náà pé kò wúlò fún nǹkan kan ju ìdánwò lọ. Ní òǹkà tiwa, bí o bá fẹ́ kọ ìdá kan nínú mẹ́ta, 0.3333 ni wàá máa kọ lọ, kò ní tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣe rí fún kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ju 0 àti 1 lọ: kò lópin. Àyè 24 péré ni kọ̀ǹpútà Patriot sì ní láti kọ òǹkà kan sí. Ohun tó bá ṣẹ́kù, ó gé e dànù.

Ohun tó gé dànù kéré gan-an. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá ka ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ohun tó ń sọnù jẹ́ nǹkan bíi 0.000000095 ìṣẹ́jú àáyá. Ta ni yóò bínú nítorí ìyẹn? Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú wákàtí 100, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó wà níbẹ̀ jẹ́ 3,600,000. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò mi ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, ohun tí mo rí ni 0.342, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Kí ojú tó ṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Scud kì í rìn bí mọ́tò. Àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìnáwó ìjọba fún Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Kejì ọdún 1992, ìṣirò wọn sì fi hàn pé lẹ́yìn wákàtí 100, ibi tí rédà yóò máa wò yóò fi mítà 687 yẹ̀ kúrò ní ibi tí ó yẹ kó wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé “ibi tí rédà ń wò” yìí, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ dá lé. Bí rédà bá kọ́kọ́ rí nǹkan lójú ọ̀run, kì í yára jà. Yóò wo bí nǹkan náà ṣe ń yára sí, yóò sì ṣírò ibi tí ó yẹ kó wà láìpẹ́ bó bá jẹ́ Scud lóòótọ́. Ibẹ̀ nìkan ni yóò wò, bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé kékeré. Bó bá rí i níbẹ̀, Scud ni, jà á. Bí kò bá rí i, á ní ojú òun ló ṣe wìnnìwìnnì, á sì gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí mo ka ibí yìí tán, mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn. Mo lọ bá olùkọ́ wa, mo ní, “Sà, aago wọn ń fà sẹ́yìn, tèmi náà ń fà sẹ́yìn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, àwọn ọmọ yàrá kejì ńkọ́? Ṣebí agogo kan náà ni wọ́n gbọ́. Ṣé wọ́n pàdánù nǹkan?” Mo padà lọ kàwé.

Lóòótọ́, a kò pàdánù nǹkan kan ní yàrá kejì. Agogo ti fi ìṣẹ́jú 8 pẹ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú 8 pẹ́ nígbà tí a parí. Wákàtí 2 wa pé pérépéré, àfi ìṣẹ́jú àáyá 36 tí a fi jẹ èrè. Aago tí kò tọ̀nà lè ka gígùn àkókò dáadáa, bó bá ṣáà jẹ́ òun kan náà la wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Rédà Patriot náà kò fẹ́ mọ aago mélòó ló lù. Ìgbà tó kọ́kọ́ rí Scud àti ìgbà tó fẹ́ tún wò ó, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì nìkan ló ń wá. Bí ìgbà méjèèjì bá fi 0.34 pẹ́, tí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, àṣìṣe á pa ara rẹ̀ rẹ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Robert Skeel, onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1992. Àwọn tó ń tún ètò Patriot ṣe ti rí i pé ọ̀nà tí ó fi ń yí iye tó kà padà sí ìṣẹ́jú àáyá kò péye tó fún ohun tó yára bíi Scud. Wọ́n kọ ọ̀nà tuntun tó péye jù. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀nà tuntun yìí sí gbogbo ibi tí ó yẹ nínú ètò náà. Ní ibì kan, ọ̀nà tuntun ló ń ṣírò. Ní ibòmíràn, ọ̀nà àtijọ́. Nítorí náà, ìgbà kan wá láti ọ̀dọ̀ aago tó tọ̀nà, ìgbà kejì wá láti ọ̀dọ̀ aago tó ń fà sẹ́yìn, wọ́n sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Yàrá kẹta nìyẹn. Ká ní wọn kò fọwọ́ kan ètò náà rárá ni, àṣìṣe yẹn ì bá má fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkan. Nígbà tí mo ka èyí, mo pa ìwé dé, mo sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó tún dùn mí ni pé wọ́n ti gbọ́ ṣáájú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1991, àwọn ará Ísírẹ́lì, tí wọ́n ń lo Patriot náà, fi tó Amẹ́ríkà létí pé bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 láìpa á, ojú fèrèsé rédà máa ń yẹ̀ pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò ìjọba lẹ́yìn náà fi hàn pé tó bá tó wákàtí 20, rédà kò ní rí ohun tó ń wá mọ́. Àwọn aláṣẹ rò pé kò sí ẹni tó ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 16, wọ́n parí àtúnṣe ètò náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 21, wọ́n kọ ìwé sí àwọn tó ń lo Patriot pé bí ó bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, ojú fèrèsé lè yẹ̀. Wọn kò sọ iye wákàtí tí “pẹ́ jù” jẹ́. Bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà náà, tí wọ́n tún un tàn, kíkà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, àṣìṣe á sì di òdo. Iṣẹ́ tí kò tó ìṣẹ́jú 2 ni. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é.

Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejì, Patriot tó wà ní Dhahran ti wà ní títàn fún ohun tó lé ní wákàtí 100. Scud kan ń bọ̀. Rédà rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ṣírò, ó wo ibi tí kò yẹ kó wò, kò rí nǹkan kan. Mìsáìlì kankan kò gbéra láti lọ pàdé rẹ̀. Scud náà bọ́ sórí ilé ńlá kan tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń sùn sí. Ènìyàn 28 kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. 13 nínú àwọn tó kú wá láti inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n fún ni kí wọ́n máa sọ omi di mímu fún àwọn ọmọ ogun tó kù. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n tíì lò ní Sáúdí Arábíà.

Àtúnṣe ètò náà dé Dhahran ní ọjọ́ 26.

Mo ka wákàtí tí láptọ́ọ̀pù mi lò láti aago 8 Ọjọ́ Ajé sí aago 8 Ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí 96 ni.

Èmi ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀bi Linux wà nínú tèmi, nítorí òun ni mo sọ fún pé kó jí mi. Ìtàn tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 yẹn kan náà, ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21, ń kọ kernel tirẹ̀. Kernel ni ọkàn gbogbo ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló sì ń jí ètò tó bá ní òun fẹ́ sùn. Kernel ti Torvalds náà ń ka àkókò ní kíkà ni: nǹkan kékeré kan nínú ẹ̀rọ ń gbá a léjìká ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kernel a sì fi ọ̀kan kún iye tó ti kà. Láàárín ìgbá kan sí èkejì, kò mọ ohun tí àkókò ń ṣe.

Ó dà bí ọjà ọrọọrún. Bí iyọ̀ rẹ bá tán ní ọjọ́ kejì ọjà, tí kò sì sí ibòmíràn tí o ti lè rà á, kò sí ohun tí o lè ṣe àfi kí o dúró de ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ètò tó bá ní kí kernel yẹn jí òun lẹ́yìn ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lè sùn fún ìdá mẹ́wàá, ó lè sùn tó ogún. Kò sì lè jí ṣáájú àkókò tó dá, nítorí òfin kernel ni pé òun kì í jí ẹni ní kùtù jù. Pípẹ́ nìkan ló lè pẹ́.

Nígbà tí kernel 2.6 jáde ní ìparí ọdún 2003, wọ́n sọ ìgbá 100 di 1,000 fún àwọn kọ̀ǹpútà bíi tiwa. Ìyẹn ni pé ọjà wá ń ná lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń gbá léjìká ní ìgbà 1,000 kò lè sinmi, láptọ́ọ̀pù sì ń jẹ bátìrì. Àwọn kan ní kó padà sí 100, àwọn kan ní rárá. Ní ọdún 2005, nínú 2.6.13, wọ́n jẹ́ kí oníkálukú yan iye tó fẹ́, wọ́n sì fi 250 ṣe ti ẹni tí kò bá yan nǹkan kan. Mo rò pé ìjà lórí iye ìgbá yìí kò lè parí, nítorí kíkà gan-an ni ìṣòro.

Thomas Gleixner àti Ingo Molnár ló mú ọ̀nà mìíràn wọlé ní ọdún 2006, nínú 2.6.16. Wọ́n ní aago méjì ló wà nínú kernel, a sì ti ń ṣe wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Èkíní dà bí ìgbà tí màmá mi bá ní, “Bí o kò bá dé ní aago 6, màá wá ọ wá.” Lọ́pọ̀ ìgbà mo ti máa ń dé kí aago 6 tó lù, kò sì sẹ́ni tó ń bìkítà bóyá aago 6 yẹn péye. Èkejì ni ti ẹni tó fẹ́ kí a jí òun ní àkókò tó dá gan-an. Fún irú èkejì yìí, wọn kò dúró de ọjọ́ ọjà mọ́. Wọ́n ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó gbá kernel léjìká ní àkókò náà gan-an. Nígbà tí 2.6.21 jáde ní ọdún 2007, àwọn kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Inú mi sì dùn sí ohun kan tí wọ́n ṣe ju gbogbo rẹ̀ lọ: wọn kò fi ìdá kankan kọ àkókò. Wọ́n pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí bílíọ̀nù kan, wọ́n sì ń ka ìpín wọ̀nyí ní odidi, ní àyè 64. Kò sí 0.1 níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò gé.

Nítorí náà mo ṣe ìṣirò tèmi. Bí Linux òde òní bá fẹ́ pẹ́ kó tó jí ètò bíi tèmi, pípẹ́ tó fàyè gbà kò ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ tí ẹ̀rọ kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà 40 tó jí láàárín Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, gbogbo rẹ̀ kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Kódà ká ní kernel ti ọdún 1991 ni mo lò, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú 8 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 480. Mo fi 40 pín in: 12. Ìṣẹ́jú àáyá 12 tí mo fi ń lu agogo ni. Lẹ́yìn tí agogo bá dún tán ni ètò mi tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 40 mìíràn, kò sì ka àkókò tó fi ń lù ú mọ́ ọn.

Ọ̀nà méjì la lè gbà bẹ kernel. A lè ní, “Jẹ́ kí n sùn fún ìṣẹ́jú 40.” A sì lè ní, “Jí mi ní aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 40.” Èkíní ni mo lò. Ìlà 2 péré ni mo yí padà. Ṣùgbọ́n nítorí Dhahran, mo wá gbogbo ibi tí mo ti kọ “sùn fún” nínú ètò náà kí n tó dìde, mo sì rí ọ̀kan tí mo ti gbàgbé, ní apá tó ń ka oorun òru.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́ wa, àwọn náà sì lọ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé agogo ló ṣì, kì í ṣe àwọn ọmọ. Ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n pe àwọn ọmọ yàrá kẹta jọ, wọ́n dá ìwé ìdánwò wọn padà fún wọn, wọ́n sì fún wọn ní ìṣẹ́jú 8. Wọ́n pa láptọ́ọ̀pù mi. Wọn kò lu rímù náà. Olùkọ́ bọ́ aago ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì níwájú, òun ni wọ́n wò tí wọ́n fi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n wò tí wọ́n fi ní ó tó. Ìṣẹ́jú 5 ni ọ̀rẹ́ mi lò.